Àkàsọ̀ Orin: Ọ̀rọ̀ Ṣókí lórí Ohùn Tí Onírúurú Ènìyàn Fi Ń Kọrin

A ti gbọ́ ìtàn àwọn tí ó kọ́ ilé yìí; ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa orin tí à ń kọ nínú rẹ̀.

A kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé ẹ̀kọ́ pé ohùn méje ni orin ní: dò, ré, mí, fà, sọ́, là, tí. Òtítọ́ ni èyí fún orin tí a gbà lọ́wọ́ Òyìnbó. Guido ará Arezzo, mọ́ńkì kan ní ilẹ̀ Ítálì ní ọ̀rúndún kọkànlá, ni ó fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn akọrin. Mẹ́fà péré ni òun sì dárúkọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, John Curwen mú ọ̀nà sọ́lfà tàn ká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ajíhìnrere sì gbé e kọjá òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àkàsọ̀ tí ohùn ń gùn kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo láyé.

Ní erékùṣù Java, níbi tí wọ́n ti ń lu ohun èlò idẹ tí à ń pè ní gamelan, àkàsọ̀ méjì ni wọ́n ní: slendro tí ó ní ohùn márùn-ún, àti pelog tí ó ní méje. Àlàfo tí ó wà láàrin ohùn wọn kò bá ti dùùrù mu. Àní ohun èlò ẹgbẹ́ kan kì í sábà bá ti ẹgbẹ́ kejì dọ́gba. Àwọn Lárúbáwá pẹ̀lú ní ohùn tí ó bọ́ sí àárín méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn lórí dùùrù. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ ní Cairo ní ọdún 1932 láti fi ìwọ̀n kan de irú ohùn wọ̀nyí, ẹnu wọn kò kò.

Àkàsọ̀ ohùn márùn-ún wà ní Ṣáínà, ó wà ní Skọ́tlándì, ó sì wà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá tẹ àwọn dúdú nìkan lójú dùùrù yóò gbọ́ ọ. Ohùn márùn-ún yìí náà ni a fi ń kọ "Amazing Grace", tí gbogbo ayé fẹ́ràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àbùkù ni. Ohùn márùn-ún kì í ṣe méje tí ó sọ méjì nù.

T. K. E. Phillips, tí ó di atẹdùùrù Kàtídírà Christ Church ní Èkó ní 1914, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1953 pé orí ohùn márùn-ún ni orin Yorùbá dúró lé. Ṣáájú rẹ̀, ní 1922, Alùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú àwo giramafóònù ní London. Wọ́n mọ ohun tí ń dun ìjọ: bí orin àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń gòkè, ìtumọ̀ a dàrú, "ọ̀run" a sì di "ọrùn" lẹ́nu olùjọsìn.

A kò ní kí a kó ìwé orin àtijọ́ dànù; ó ti tù wá nínú, ó sì ti sin òkú wa. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọ̀dọ́ atẹdùùrù, nígbà tí àwọn ìyá bá dá orin ìbílẹ̀, ẹ má ṣe fi fà àti tí tún un ṣe. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ bí ó ti rí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, nígbà tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa. Kí àwọn tí yóò ṣe ọdún igba ìjọ yìí lè bá a níbẹ̀. Àmín.