Apá Ọkàn Tó Dákẹ́: Ṣé Ó Ti Kú Ni Àbí Ó Ń Sùn?

 

Wọ́n ní kí àwa ìgbìmọ̀ ìlera sọ̀rọ̀ ṣókí lórí ọkàn. Bí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ọkàn bá dí lójijì, òun ni dókítà ń pè ní heart attack. Lọ́jọ́ náà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbà, kò sí ìdúró. Ọ̀rọ̀ tiwa jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà náà, nígbà tí aláìsàn ti padà sílé, tí wọ́n ní apá kan ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí ẹbí sì fẹ́ ta ọjà inú ṣọ́ọ̀bù láti fi ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ẹ ṣe sùúrù ná. Apá tí kò mira yẹn lè ti kú, kó ti di àpá. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ ló kéré, tó fi ń sùn. Ẹ̀yin oníṣu mọ̀ ọ́n: iṣu tó gbẹ lójú, ẹ ó fi èékánná họ orí rẹ̀ wò kí ẹ tó jù ú nù.

Àyẹ̀wò nuclear ni èékánná dókítà. Wọ́n á fa oògùn tó ní ìtànṣán díẹ̀ sí iṣan apá, kámẹ́rà á sì ya ibi tó bá dé nínú ọkàn. Tó bá jẹ́ thallium, wọ́n lè tún un yà lẹ́yìn wákàtí 4 tàbí lọ́jọ́ kejì, torí ibi tó ń sùn máa ń pẹ́ kó tó gbà á. Ẹ̀rọ PET ní tiẹ̀ ń lo irú ṣúgà kan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò tó, tó sì ṣì ń jẹ ṣúgà, ààyè ni. Òkú kì í jẹun, àbí?

Ṣùgbọ́n a ò ní tàn yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wo aláìsàn 700 tí ọkàn wọn ti rẹ̀, tí àyẹ̀wò sì fihàn pé ààyè ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo wọn lo oògùn. Wọ́n tún fi stent la òpó ẹ̀jẹ̀ fún àwọn kan. Èsì jáde ní 2022: àwọn tí wọ́n la òpó fún kò pẹ́ láyé ju àwọn olóògùn nìkan lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ta ọjà, ẹ bi dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni èsì yìí máa yí padà nínú ìtọ́jú wa?" Bí kò bá ní yí nǹkankan padà, ẹ fi owó yẹn ra oògùn, kí ẹ má sì jẹ́ kó tán nílé.

UCH n'Ìbàdàn ní ẹ̀ka nuclear medicine. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọkọ̀, bóyá kámẹ́rà àti oògùn wà lọ́jọ́ náà, torí oògùn yìí kò ṣeé kó pamọ́: technetium tí wọ́n sábà ń lò máa ń dín sí ìdajì láàárín wákàtí 6. Ẹni tó lóyún, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́.