Bàálù Akérò tàbí Bàálù Akẹ́rù: Ọ̀rọ̀ fún Ọmọ tó Fẹ́ Di Awakọ̀ Òfurufú

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ń wa bàálù akẹ́rù níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́.)

  

Alága ní kí n dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn òbí máa ń bi mí: ọmọ tó bá fẹ́ wa bàálù, ṣé èyí tó ń kó èrò ni kó dojú kọ, tàbí èyí tó ń kó ẹrù? Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Bí a bá gbọ́ pé ọmọ lágbájá ń wa bàálù èrò, a ó ní orí rẹ̀ ṣe é re. Bí a bá gbọ́ pé ẹrù ló ń kó, ohùn wa a lọ sílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni pé dírẹ́bà lọ́rí ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pa ìyẹn tì. Ìwé àṣẹ kan náà ni ìjọba ń fún àwọn méjèèjì, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe, ojú ọ̀run kan náà ni wọ́n sì ń fò.

Ìtàn díẹ̀

Ó tilẹ̀ yẹ kí àwa aláwọ̀ dúdú bọ̀wọ̀ fún bàálù ẹrù. Ní 1955, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ akérò ńláńlá ilẹ̀ yìí kò tíì gba awakọ̀ dúdú, iléeṣẹ́ akẹ́rù kan tí a ń pè ní Seaboard and Western gba August Martin síṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti di kápútéènì. Ní ti Marlon Green, ẹjọ́ rẹ̀ ní láti dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1963 kí iléeṣẹ́ Continental tó gbà á ní 1965.

Ilẹ̀ wa ni August Martin yìí kú sí. Ní July 1968, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, ó ń gbé ohun ìrànwọ́ lọ fún àwọn tí ebi ń pa ní Biafra. Ó fẹ́ balẹ̀ nínú òjò, bàálù náà sì já. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Queens, New York. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹrù lẹ fẹ́ máa kó, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Nọ́ńbà rẹ lórí ìlà

Ohun àkọ́kọ́ tí òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ipò àgbà. Ní àwọn iléeṣẹ́ bàálù ilẹ̀ yìí, ọjọ́ tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ló ń sọ nọ́ńbà rẹ. Nọ́ńbà yẹn ló ń pinnu irú bàálù tí o máa wà, ìlú tí o máa fi ṣe ibùdó, ọjọ́ ìsinmi rẹ, àti ìgbà tí o máa di kápútéènì. Ẹni tó ti ṣe kápútéènì fún ogún ọdún, bó bá kúrò ní iléeṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, ìdí ìlà ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀, owó ẹni tuntun ni yóò sì máa gbà. Òfin sì ní kí awakọ̀ iléeṣẹ́ wọ̀nyí dúró bó bá pé ọmọ ọdún 65. Kí òfin tó yí padà ní 2007, ọdún 60 ni. Ìdí nìyí tí yíyàn yìí fi wúwo. Kì í ṣe aṣọ tí a lè bọ́ lálẹ́ kí a wọ òmíràn láàárọ̀.

Kí a tó dé oríta

Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yóò gba ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni, yóò kọ́ bí a ti ń fò nínú ìkùukùu láìríta, yóò gba ìwé àṣẹ tí a fi ń gbowó iṣẹ́, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ a máa kọ́ ẹlòmíràn ní bàálù wíwà kí wákàtí tiwọn lè pé. Ní February 2009, bàálù Colgan kan já nítòsí Buffalo, ènìyàn 50 sì kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin le sí i. Láti 2013, awakọ̀ kejì pàápàá gbọ́dọ̀ ní wákàtí 1,500. Ẹni tó gba oyè ìmọ̀ bàálù wíwà ní yunifásítì tí ìjọba fọwọ́ sí lè wọlé pẹ̀lú 1,000; ẹni tó ti iṣẹ́ ológun wá lè wọlé pẹ̀lú 750.

Owó ẹ̀kọ́ yìí lè tó $100,000. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ilé yáwó kí ọmọ tó lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera First Class lọ́dọ̀ dókítà tí FAA yàn. Àyẹ̀wò yẹn lè dá a dúró, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lára owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò bá tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, ìbáà ní green card, gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda TSA kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ayé awakọ̀ akérò

Iléeṣẹ́ kékeré tó ń fò láti ìlú dé ìlú nítòsí ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó padà wálé. Ojúmọmọ ni ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ẹrù wọn: ara èrò lè má yá lójú ọ̀run, inú lè bí wọn bí bàálù bá pẹ́. Èrè rẹ̀ ni pé ẹbí awakọ̀ lè wọkọ̀ bí àyè bá ṣófo. Ọmọ tó wà ní Delta lè mú ìyá rẹ̀ láti Atlanta dé Lagos lówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ní oṣù December, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àyè tó ṣófo o!

Òfin ìsinmi náà tún ń gbè wọ́n. Láti January 2014, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìsinmi wákàtí 10 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí 8 nínú rẹ̀ sì ṣeé fi sùn. Bí iṣẹ́ bá bọ́ sí òru, wákàtí rẹ̀ á dín kù.

Ayé awakọ̀ akẹ́rù

Iṣẹ́ òru ni èyí. Nígbà tí FedEx bẹ̀rẹ̀ ní Memphis ní April 1973, bàálù 14 ló fi bẹ̀rẹ̀, páálí 186 péré ni wọ́n sì kó lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é: bàálù láti ibi gbogbo a pàdé ní Memphis lóru, ti UPS a pàdé ní Louisville, wọ́n á to ẹrù, kí ilẹ̀ tó mọ́, oníkálùkù á tún gbéra. Àwọn tó ń lọ sókè òkun lè wà ní Anchorage lónìí, Cologne lọ́la, kí wọ́n tó ọ̀sẹ̀ méjì láì wálé. Bí wọ́n bá wálé, wọ́n á pẹ́ nílé. Ohun tí èmi fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ, Anchorage ni mo wà.

Òfin 2014 yẹn kò kan àwa akẹ́rù. Òfin àtijọ́ ni a ṣì ń tẹ̀ lé, àfi bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá bá iléeṣẹ́ dúnàádúrà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní August 14, 2013, bàálù UPS kan já ní Birmingham, Alabama, awakọ̀ méjèèjì sì kú. Nígbà tí NTSB wádìí rẹ̀, wọ́n ka rírẹ̀ mọ́ ohun tó dá kún un. Nítorí náà, ní ilé tèmi, bí mo bá ti fa aṣọ fèrèsé sílẹ̀ lọ́sàn-án, kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, ìbáà ṣe àlejò láti Ìbàdàn.

Ewu kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ní January 2025, bàálù akérò kan àti hẹlikópítà ológun kọlu ara wọn ní Washington, ènìyàn 67 sì kú. Ní November ọdún náà, bàálù UPS kan já ní Louisville. Awakọ̀ mẹ́ta inú rẹ̀ kú, pẹ̀lú àwọn tó wà nílẹ̀.

Èwo ló dájú?

Lẹ́yìn September 2001, iléeṣẹ́ akérò ní kí ọ̀pọ̀ awakọ̀ lọ jókòó sílé. Nígbà tí DHL dáwọ́ iṣẹ́ abẹ́lé rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà ní 2009, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pàdánù iṣẹ́ ní Wilmington, Ohio; akẹ́rù nìyẹn. Ní 2020, àrùn kòrónà mú kí bàálù èrò ṣófo, tí ẹrù sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di 2024, èrò ti padà, iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba sì ti kúrò lọ́wọ́ FedEx bọ́ sọ́wọ́ UPS. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má yan èyí tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ lọ́dún yìí nítorí pé ó ń gbà wọ́n. Ẹ kọ́ iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn, kí ẹ sì fi owó pamọ́.

Ìbéèrè mẹ́rin

Kí ọmọ tó yàn, kó dáhùn àwọn ìbéèrè yìí:

1. Ṣé o lè sùn lọ́sàn-án? Má sọ pé o rò bẹ́ẹ̀. Lọ ṣiṣẹ́ òru fún oṣù mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń to ẹrù, kí o wo bí ara rẹ ṣe máa ṣe. Bí oorun ọ̀sán kò bá bá ọ lára mu, kò sí owó tó lè san án. Lọ sí akérò.

2. Ṣé ènìyàn ń dùn mọ́ ọ, àbí ìdákẹ́jẹ́?

3. Níbo ni ilé rẹ máa wà? Ẹni tó ń gbé níbi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ púpọ̀ nílé ju ẹni tó ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ.

4. Ta ni máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ? Bá ẹni tí ẹ jọ ń gbé sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó dé.

Ẹ kíyèsí i pé mi ò fi owó kún un. 

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ mi sí yín kò gùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dáhùn fúnra rẹ̀. Aṣọ kápútéènì dára ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ọmọ yín ni yóò jí ní agogo méjì òru, kì í ṣe fọ́tò náà. Bó bá yan èrò, ẹ kí i kú oríire. Bó bá yan ẹrù, ẹ kí i bákan náà, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án.

Olódùmarè yóò máa gbé wọn sókè, yóò sì máa sọ̀ wọ́n láyọ̀.