Bí A Ti Í Kọ́ Ọmọdé ní Ẹja Pípa

Ọmọ tí a tọ́ ní Dópẹmu kò rí omi ní ẹ̀yìnkùlé bí ọmọ Mákòókò tàbí ọmọ Ẹ̀pẹ́ ti ń rí i. Ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta àti ti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni ó mọ̀ jù. Síbẹ̀, kí òjò tó dá tán ni àwọn ọmọdé yóò ti dúró sí etí gọ́tà ńlá pẹ̀lú agolo àti okùn, tí wọn yóò máa wá ẹja. Ẹni tí ó bá nà wọ́n lónìí yóò tún bá wọn níbẹ̀ lọ́la. Ó sàn kí àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ lọ sí ibi tí ó tọ́, kí ó sì kọ́ ọ.

Gọ́tà kì í ṣe ibi ẹja pípa rárá. Ìdọ̀tí ilé àti ti ilé-iṣẹ́ ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹja tí ó bá sì wà nínú rẹ̀ kò yẹ fún jíjẹ. Ewu omi fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú sínú omi ní ọdún 2021, àti pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn ni kò tí ì pé ọmọ ọdún 5. Omi tí kò dé orúnkún àgbà tó láti gbé ọmọ kékeré. Nítorí náà, kí àgbà kan máa ṣọ́ ọmọ kan, kí ó wà ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti lè tó o, kí ó má sì ṣe máa wo fóònù.

Ilé ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀ kò sì tí ì sí níbẹ̀. Ọ̀pá ọparun fífúyẹ́ tí ó gùn tó mítà 2, pẹ̀lú okùn ọ̀rá tí ó gùn bákan náà, ti tó. Kí a so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ìdí okùn, kí ọmọ máa jù ú sínú abọ́ omi nínú àgbàlá títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni wíwa ekòló, èyí tí ọmọdé púpọ̀ fẹ́ ju ẹja lọ. Abẹ́ ewé jíjẹrà ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, ni a ti ń rí wọn. Kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó wọn sínú agolo mílíìkì pẹ̀lú erùpẹ̀ tútù. Ìyá rẹ̀ lè máà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọṣẹ wà nílé. Bí a bá wá fẹ́ so ìwọ̀, kí ó jẹ́ èyí tí ó kéré, kí a sì fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún rẹ̀ tí ó kọ sẹ́yìn mọ́lẹ̀, kí ó lè rọrùn láti yọ bí ó bá gún ọmọ lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a lọ bá ẹni tí ń sin ẹja àrọ̀, kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì san owó ohun tí a bá mú. Ẹja pọ̀ níbẹ̀, ọmọ kò sì ní í pẹ́ kí ó tó mọ bí okùn ti ń fà. Àrọ̀ ní ẹ̀gún líle ní ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì. Àgbà ni kí ó kọ́kọ́ dì í mú. Nítorí pé ó lè mí afẹ́fẹ́, kì í tètè kú lórí ilẹ̀, ó sì tọ́ kí àgbà lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má ṣe máa jà ràpà lójú ọmọ.

Odò Ògùn ní Ìṣẹri ni ó lè tẹ̀ lé e, níbi tí a ti lè dẹ epìyà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1983 ni ìsédò Ọ̀yán ti wà lókè odò, bí wọ́n bá sì tú omi rẹ̀ sílẹ̀ nígbà òjò, pàápàá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, odò lè kún ní Ìṣẹri láìjẹ́ pé òjò rọ̀ níbẹ̀. Kí a bi àwọn apẹja ibẹ̀ léèrè kí a tó jókòó. Kí ọmọ má sì wọ inú omi tí kò ṣàn, nítorí àìsàn tí ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀ ń ti ara ìgbín inú irú omi bẹ́ẹ̀ wá.

Ọmọdé a máa béèrè ìdí tí a fi ń dá ẹja kékeré padà. Kí a sọ fún un pé irú epìyà kan wà ní ọ̀sà Èkó, tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ máa ń dúdú, tí ó jẹ́ pé akọ ni ó ń kó ẹyin sẹ́nu títí wọn yóò fi pa. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí yóò máa ya ẹnu epìyà wò kí ó tó dá a padà.

Bí ìdajì wákàtí bá kọjá tí ẹja kò jẹ, kí a jẹ́ kí ọmọ lọ wo akàn, tàbí kí a padà sílé. Bí ó bá sì mú ẹyọ kan wálé, kí a dín in lọ́tọ̀ fún un, kí a má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ti ọjà. Ní ti ekòló tí ó kù, kí a gbé agolo wọn sí abẹ́ òjìji títí di Sátidé mìíràn.