Bí Ọmọ Bá Béèrè Ìtumọ̀ Ọdún

 

Bí ẹ bá dúró ní Ojúrin, ní Akobo n'Íbàdàn, láàárọ̀ ọjọ́ kejì Àjíǹde, ẹ ó rí bọ́ọ̀sì ìjọ tó kún fọ́fọ́ fún ọmọdé. Kúlà ìrẹsì wà lẹ́yìn, ìlù wà níwájú. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ, wọ́n á ní, "Gálílì!" Ọgbà Agodi ni àwọn kan ń lọ, àwọn mìíràn ń lọ sí Trans Amusement Park ní Bódìjà. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ Gálílì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di wò-mí-n-wò-ọ́.

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Mátíù orí 28 àti Máàkù orí 16 sọ pé a rán àwọn obìnrin tó wá síbi ibojì sí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn, pé Jésù ti ṣáájú wọn lọ sí Gálílì. Létí òkun Gálílì ló ti kọ́kọ́ pè wọ́n nídìí àwọ̀n ẹja. Àwọn tó sá fi í sílẹ̀ lóru, àti Pétérù tó sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn náà ló ń ránṣẹ́ pè padà. Ìrìn àjò ìdáríjì ni Gálílì. Ọmọ tó bá mọ èyí, tó sì ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà bọ̀ láti ilé, á mọ ẹni tó yẹ kóun kọ́kọ́ bu ìrẹsì fún.

Ohun tí mo bá wá kò ju èyí lọ: ìgbà tí ọwọ́ ọmọ wà nínú àṣà ni ká sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ní Ẹ́kísódù orí 12, Mósè ti mọ̀ pé ọmọ á béèrè ìdí Àjọ Ìrékọjá, ó sì ti kọ́ òbí ní èsì.

Ẹ wo imọ̀ ọ̀pẹ tí a ń gbé ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ọmọ Yorùbá lè ti rí màrìwò lójúbọ Ògún kó tó rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá béèrè, ẹ má fi ìgbájú dá a lóhùn. Ẹ sọ fún un pé òun ni èrò Jerúsálẹ́mù fi pàdé Jésù, ọba tó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ̀lú. Ẹ sì fi àgbélébùú imọ̀ tó há sára ògiri pálọ̀ hàn án: ọ̀pọ̀ ìjọ Kátólíìkì àti Áńgílíkà máa ń gba irú rẹ̀ padà lọ́dún kejì, wọ́n á sun ún di eérú tí wọ́n ń fi sàmì síwájú orí ní Ọjọ́rú Eérú. Imọ̀ tí a fi hó ìhó ayọ̀ la tún fi ń ronú pìwà dà.

Bàbá Kérésì ńkọ́? Ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ. Lára Nicholas, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹ̀; wọ́n ní ó máa ń ta aláìní lọ́rẹ ní bòókẹ́lẹ́. Àwo ìrẹsì Kérésì tí a gbé fún Ìyá Àlùfáà, aládùúgbò wa Mùsùlùmí lójúlé kejì, tó ti fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí wa, sún mọ́ Nicholas ju fọ́tò tí a sanwó yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onírùngbọ̀n òwú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ gbé àwo náà. Kó tó jáde, ẹ sọ fún un pé Ọlọ́run ló kọ́kọ́ ta wá lọ́rẹ.

Inú ilé náà ni kíkọ́ ọmọ ní ìgbàgbọ́ Kristẹni ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1853, míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó síbí. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi àwọn ọmọ rẹ̀, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé wọn lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ Anna ní Kúdẹtì ni wọ́n sì ti mọ ìwé, tí wọ́n mọ àdúrà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má dúró de olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí ọmọ bá béèrè, ẹ dá a lóhùn. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ ṣí Bíbélì. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa.