Ọ̀rọ̀ "Ó Dọ̀la" Nínú Ọjà Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé oṣù tó kọjá nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní ká tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí àwọn náà lè rí i kà, tàbí kí ọmọ wọn kà á fún wọn.

Ara wa la ó kọ́kọ́ bá wí. Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀rọ̀ gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́lùbọ́. Láti oṣù Kejì la ti sọ pé ká kó ìdọ̀tí inú rẹ̀. A dá owó, owó pé. Ìpàdé oṣù Kẹta, a ní ká jẹ́ kí ọdún Àjíǹde kọjá. Oṣù Kẹrin, a ní owó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bù ti wọ́n jù, ká wá àwọn mìíràn. Oṣù Karùn-ún, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó dárúkọ gọ́tà. Òjò ọjọ́ Sátidé kan ló wá dárúkọ ẹ̀ fún wa. Èlùbọ́ àti gààrí tó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, owó tó bá a lọ ju owó tí à bá fi kó gọ́tà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Owó tí a dá sì wà nínú àpótí, kò dín kọ́bọ̀. Ẹ ò lè ní àìlówó ló ṣe wá. Ẹ ò sì lè ní a ò mọ̀, torí ta ni ní Ìbàdàn tí kò mọ ohun tí omi lè ṣe? Àwọn àgbà wa rí omíyalé Ògùnpa ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, 1980. Àwa náà sì rí ti ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, 2011. A mọ̀ ọ́n, a ní ó dọ̀la.

Kí ló ń fà á gan-an? Ọ̀pọ̀ á ní ọ̀lẹ ni. A ò gbà. Obìnrin tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lọ pàdé ọkọ̀ tòmátò tó ń bọ̀ láti òkè Ọya, tó ń jókòó ti ọjà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tó tún délé dáná fún ọkọ àtọmọ, ta ló máa pe ìyẹn ní ọ̀lẹ? Síbẹ̀ obìnrin yìí kan náà ni kò tíì kọ àwìn tó wà níta sínú ìwé láti oṣù mẹ́ta. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Fuschia Sirois àti Timothy Pychyl, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2013. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí lára wa là ń sá fún. A fẹ́ kí ara tù wá nísinsìnyí, a wá gbé ìnira náà ka ara wa lórí fún ọ̀la.

Ẹ wò ó bóyá kò rí bẹ́ẹ̀. Kíkọ àwìn sílẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ìwé náà, orúkọ àna wa á yọ, orúkọ ẹni tí a jọ ń jọ́sìn á yọ. A ó rí iye owó wa tó wà níta, àyà á já. A ó rántí pé dandan ni ká lọ kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn yìí, ká sì dúró kí wọ́n wò wá lójú. La bá pa ìwé dé, la bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í to tòmátò tí a ti tò lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yẹn. Ọwọ́ ò dilẹ̀ o! Ẹni tó bá ń kọjá á ní obìnrin yìí mà ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ gbogbo ìdúró kọ́ ni fònídónìí-fọ̀ladọ́la. Ẹni tó ra ẹ̀wà nígbà ìkórè, tó ní òun ò tíì tà á, mọ ohun tó ń dúró dè. Ó mọ ìgbà tí ẹ̀wà máa ń wọ́n. Sùúrù ọjà nìyẹn, a ò gbọdọ̀ bú u. Bi ara rẹ pé, "Kí ni mò ń dúró dè?" Tó bá jẹ́ pé "a ó máa wò ó ná" ni ìdáhùn tí o gbọ́, kì í ṣe sùúrù mọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí ọ̀rọ̀ owó tuntun. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, 2022, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa kéde pé àwọn máa yí náírà 200, 500 àti 1,000 padà. Wọ́n ní kí owó àtijọ́ ti wọ báǹkì tán kó tó kọjá ọjọ́ 31, oṣù Kínní, 2023. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ni wọ́n fún wa. Mélòó nínú wa ló lọ ní oṣù Kọkànlá? Owó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú kóló, ó wà nínú agolo mílíìkì. A ní ọjà Kérésì ń bọ̀, ta ló fẹ́ lọ tò ní báǹkì nígbà tí ọwọ́ dí? Nígbà tó di oṣù Kínní, gbogbo wa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 10, oṣù Kejì, èrò tún pọ̀ sí i.

Ká sọ òótọ́, ẹjọ́ wa nìkan kọ́. Owó tuntun ò kárí, ẹni tó tètè lọ náà jìyà kó tó rí owó gbà padà. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún 2023, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá wọ́n tún ní ká máa ná an lọ. Nítorí náà ẹni tó fi tirẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò pàdánù rẹ̀. Àwọn kan ń fi ìyẹn yangàn nínú ọjà wa níbí: "Ṣé ẹ rí i, èmi ò lọ, owó mi ṣì wà." Ẹ dákun, ẹ bá wa bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ra ọjà nínú oṣù Kejì yẹn, nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gba owó ọwọ́ wọn. Àwọn tó ti kó tiwọn sí àkáǹtì, bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe ń dá wọn láàmú tó, wọ́n ṣì ń rí owó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oògùn ìlọ́ra yìí ò jìnnà sí wa, àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Alájọ ni. Ta ni nínú wa tó lè kó owó ọgbọ̀n ọjọ́ sílẹ̀ lójijì ní ọjọ́ tí oṣù parí? Ṣùgbọ́n alájọ ń dé lójoojúmọ́ pẹ̀lú káàdì rẹ̀, ó ń gba ìwọ̀nba tí apá wa ká, ó ń sàmì sí i. Nígbà tí oṣù bá fi parí, owó ti pé. Òun náà á mú ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Iye tí à ń dá kéré, àkókò rẹ̀ kì í yẹ̀, ẹnìkan sì ń bọ̀ wá béèrè. Ní 2002, Dan Ariely àti Klaus Wertenbroch gbé irú rẹ̀ jáde láti Amẹ́ríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n dá ọjọ́ fún lọ́kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ mẹ́ta ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí. Ọgbọ́n alájọ ló dé yunifásítì!

Ká lò ó fún ìwé àwìn. Kí àgádágodo tó kan ilẹ̀kùn ìsọ̀ lálẹ́, kọ àwìn ọjọ́ yẹn nìkan. Má wo ti oṣù mẹ́ta tó ti kọjá. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mú orúkọ kan ṣoṣo nínú àwọn àtijọ́, kó o lọ bá a. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àna, bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ ò le.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù ni ti ara wa. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, òun ló ní ká sọ ọ́ ṣùgbọ́n ká má dárúkọ òun, rí kókó kan nínú ọmú rẹ̀. Kò dùn ún. Ó ní kí Iléyá kọjá. Iléyá kọjá, ó ní kí òun kọ́kọ́ san owó ilé-ìwé. Ó san án, ó ní kí ọjà rọlẹ̀ díẹ̀. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Ó sọ fún wa pé òun ò gbàgbé kókó náà fún ọjọ́ kan. Alaalẹ́ lòun ń fọwọ́ kàn án, bóyá ó ti lọ. Ohun tí dókítà máa sọ ló ń bà á lẹ́rù. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ṣì ń gba ìtọ́jú, ìsọ̀ rẹ̀ sì wà ní títì bí ẹ ṣe ń rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́: ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọmú kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ èyí tí tiwa jẹ́ bí a ò bá lọ? Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ńkọ́? Ó lè wà lára èèyàn fún ọdún púpọ̀ láìsí àmì kankan.

Nígbà tí a sọ ìtàn yìí nípàdé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá obìnrin náà wí, bẹ́ẹ̀ ó jókòó síbẹ̀. A dá wọn dúró. Ẹni tó ń bú ara rẹ̀ lójoojúmọ́ á tún máa sá fún ohun náà ni, torí bó bá ti rántí rẹ̀, ìbúra-ẹni ló máa bá pàdé. Ní 2010, Pychyl kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára akẹ́kọ̀ọ́ ní Kánádà pé àwọn tó dárí ji ara wọn lórí ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi falẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ fi èkejì falẹ̀ mọ́. Kí olúkúlùkù dárí ji ara rẹ̀, kó sì dìde.

Ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí nìyí. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan á kó gọ́tà iwájú rẹ̀. A ó so ara wa pọ̀ ní méjì-méjì: ẹnì kejì rẹ ni yóò máa béèrè ìwé àwìn lọ́wọ́ rẹ ní Sátidé, bí alájọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì méjì yóò wà nílé ìpàdé láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ó sì yẹ ọmú wò fún ẹni tó bá fẹ́, ní kọ̀rọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ìyá wa kan nílà àwọn aláta ti ní òun á wá kọ tòun lọ́la. A ti bá yín kọ ọ́ sílẹ̀, Màmá, ẹ kàn wá tẹ̀ka sí i ni.