Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ CPAP

Bí bàbá ilé bá ń hanrun, tí èémí ẹ̀ dá wáí, tó tún ta gìrì, tàbí ẹ̀yin fúnra yín ń tòògbé nídìí igbá, ẹ má tíì sáré ra ẹ̀rọ. Dókítà ni yóò kọ́kọ́ wo bí èémí ṣe ń lọ lójú oorun, kó tó kọ nọ́ńbà agbára afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, 4 sí 20 ni.

Tuntun wọ́n. Àlòkù ṣe é rà, àmọ́ ẹ ka orúkọ ara ẹ̀: lọ́dún 2021, Philips pe ọ̀pọ̀ DreamStation padà, torí fóòmù inú wọn lè rún wọ ọ̀nà ọ̀fun. Bí kò bá sí ìwé pé wọ́n ti tún un ṣe, kódà bí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ, ẹ fi sílẹ̀.

Ìbòmú ni kí ẹ ra ní tuntun. (Ta ló fẹ́ fi imú ẹlòmíràn sùn?) Ẹ dùbúlẹ̀ wọ̀ ọ́ wò kí ẹ tó sanwó, kí afẹ́fẹ́ má jò. Ẹni tó ń lanu sùn, èyí tó bo imú bo ẹnu ló yẹ ẹ́.

Iná wa ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá ó ń lo bátìrì. Ibi tó ń mú omi gbóná ló ń jẹ iná jù; ẹ pa á, bátìrì á pẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á dí asẹ́ ẹ̀. Ẹ tètè pààrọ̀ ẹ̀.