Èdè Tí Ọmọ Fi Ń Ronú

Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, ìbéèrè ló kún ẹnu rẹ̀. Kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀ lé wa? Nígbà tí wọ́n bá fi máa pé ọdún mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ti mọ̀ pé omi tí a dà láti inú ife gíga sínú àwo fífẹ̀ kò dín kù. Ọpọlọ ti ń wọn nǹkan, ó ti ń wá ìdí.

Èdè wo ni ọmọ fi ń ro gbogbo èyí? Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's, Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì ní olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ yòókù.

Síbẹ̀, àwọn ilé ìwé kan ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dé láti ilé ìwé lónìí, ẹ ní kó fi èdè ilé ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni kò tíì yé e.